Láti Orí Ẹṣin dé inú Ọkọ̀ Òfuurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó wá sí ọkàn bàbá olùkọ́ kan ní Mọ́níyà ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, nígbà tí ó jókòó sẹ́yìn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń wo sinimá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ náà ń múra sílẹ̀ fún; ó ní òun fẹ́ fi sinimá díẹ̀ sinmi ọpọlọ. Star Wars ni orúkọ sinimá náà, èyí tí George Lucas gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1977. Bàbá kò ka ọkọ̀ òfuurufú àti idà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sí nǹkan kan. Ó ti ń tòògbé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin inú sinimá náà, Luke Skywalker, sáré padà sí oko, tí ó bá ilé àwọn ẹbí tí ó tọ́ ọ dàgbà tí ń jó, tí èéfín ń rú, tí òkú àwọn méjèèjì sì wà níta, oorun dá lójú bàbá.

Ó ní, "Mo ti rí ilé tí ń jó yìí rí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ kò lè tíì rí i. Ayé mìíràn ni wọ́n wà, kì í ṣe ayé tiwa yìí."

"Mo ti rí i kí a tó bí bàbá rẹ. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn nígbà náà."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sinimá yóò dé orí ilẹ̀ ẹbí.

Nígbà tí bàbá olùkọ́ wà ní ọ̀dọ́, ní àárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Ìbàdàn ni ó ti ń kàwé. Ní ìlú náà ni tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ilé tí ó ní ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Ojú fèrèsé onílé ni àwọn ọmọdé máa ń rọ́ sí. Ilé sinimá ni àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń wo sinimá Íńdíà àti ti káúbọ̀ì, àwọn darandaran agẹṣin tí ìbọn kì í wọ́n ní ìbàdí wọn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ní ṣílè kan, ilé sinimá ni ó ń gbà á. Bí ó bá sì padà sí Mọ́níyà ní àkókò ìsinmi, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yí ká lábẹ́ òṣùpá, tí yóò máa sọ sinimá fún wọn bí ẹni ń pa àlọ́. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ̀wé, gbọ́ pé sinimá Ìwọ̀-Oòrùn ni ọmọ òun ń wò. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ti Ìjọba Awólọ́wọ̀ ni. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó mọ̀ pé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ.

Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà yìí ni ilẹ̀ gbalasa tí ó wà ní òdì kejì odò Mississippi. Ìgbà tí àwọn sinimá náà sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni àkókò tí ó tẹ̀lé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jà láti ọdún 1861 sí 1865. Ìlú kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, òfin ń falẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ìbọn sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ní ọdún 1903 ni Edwin S. Porter ti ṣe The Great Train Robbery, sinimá nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lórí àwọn olè tí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà. Nígbà tí John Ford gbé Stagecoach jáde ní ọdún 1939, tí John Wayne sì ṣe é, irú ìtàn yìí ti di ọ̀wọ̀n láwùjọ àwọn ará Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún ara wọn bí orílẹ̀-èdè wọn ṣe di orílẹ̀-èdè.

Ọmọ ọmọ náà kò gbà pé ohun kan náà ni ti tirẹ̀ àti ti bàbá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni ti òun, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ti bàbá. Ọwọ́ tí ó ti di ẹfun fún ọdún 35 kì í gbàgbé iṣẹ́: bàbá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ fi ìtàn kan wé èkejì, kí ó má ṣe wo aṣọ tí ìtàn wọ̀. Kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó ń lọ? Kí ni ó ń wá lọ? Ta ni ó bá níbẹ̀? Wọ́n fi alẹ́ mélòó kan wo sinimá ní méjì-méjì, ti ẹlẹ́ṣin kan, ti ọlọ́kọ̀ òfuurufú kan.

Wọ́n kọ́kọ́ wo High Noon, èyí tí Fred Zinnemann darí ní ọdún 1952. Will Kane, ọ̀gá agbófinró ìlú kékeré kan, gbéyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ìròyìn dé pé Frank Miller, apànìyàn tí òun fúnra rẹ̀ mú rán lọ sí ẹ̀wọ̀n, ti gba òmìnira, ọkọ̀ ojú irin agogo méjìlá ọ̀sán ni ó sì ń bọ̀ wọ̀ wá. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti ń dúró dè é ní ibùdókọ̀. Kane kàn sí àwọn ọ̀rẹ́, ó lọ sí ilé ìjọsìn, ó bẹ gbogbo ìlú. Olúkúlùkù rí àwáwí ṣe. Òun nìkan ni ó jáde sí ìgboro. Ìyàwó rẹ̀, tí ìsìn rẹ̀ kò fàyè gba ìbọn yíyìn, ni ó wá gbèjà rẹ̀. Nígbà tí ìjà tán, Kane bọ́ àmì oyè rẹ̀ jù sínú eruku, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gary Cooper ni ó ṣe Kane. Ó ṣe é débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Ìbàdàn ń kọ́ bí ó ti ń rìn.

Ní ọdún 1981 ni Peter Hyams gbé ìtàn yìí kúrò nílẹ̀, tí ó gbé e lọ sí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tí ń yí Júpítà po. Outland ni orúkọ sinimá tirẹ̀. Sean Connery ni agbófinró níbi ìwakùsà kan tí afẹ́fẹ́ kò sí níta rẹ̀. Ó rí i pé oògùn olóró ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń jẹ́ kí wọ́n fún àwọn awakùsà kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ ju agbára wọn lọ, títí wọn yóò fi ya wèrè. Ọ̀gá náà ránṣẹ́ pe àwọn apànìyàn, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń gbé wọn bọ̀. Aago ń kà, awakùsà kọ̀ọ̀kan ń wojú ilẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó dúró tì í, dókítà ibi iṣẹ́ náà.

Ọmọ náà ní, "Wọ́n jí ìtàn wọn!"

Bàbá ní, "Wọn kò jí i, wọ́n tún un sọ ni. Níbo ni ó ti yàtọ̀?"

Ọmọ náà ronú títí, ó wá sọ pé nínú ti àkọ́kọ́, ìkùnsínú ọkùnrin kan ni ó bí ìjà; nínú ti èkejì, èrè ilé iṣẹ́ ni. Frank Miller kórìíra Kane. Ọ̀gá ìwakùsà kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ìṣirò ni ó ń ṣe. Bàbá ní ibi tí olùdánwò yóò ti fún un ní máàkì nìyẹn, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ìjọra nìkan kò tíì fi nǹkan wé nǹkan.

Ní alẹ́ kejì, wọ́n dé orí ìtàn àwọn méje. Akira Kurosawa, ará Jàpáàní, ni ó ṣe Seven Samurai ní ọdún 1954, ìtàn àwọn àgbẹ̀ tí ọlọ́ṣà máa ń jà lólè ní àkókò ìkórè, tí wọ́n fi oúnjẹ lásán bẹ jagunjagun méje ní ọ̀wẹ̀. Ní ọdún 1960, John Sturges sọ ọ́ di ti káúbọ̀ì nínú The Magnificent Seven. Nígbà tí ó di ọdún 1980, Roger Corman gbé Battle Beyond the Stars jáde. Àwọn jagunjagun ojú sánmà ni wọ́n wá gba àwọn àgbẹ̀ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Akir ni wọ́n pe ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà, kí wọ́n lè fi ṣe ìrántí Akira tí ó ni ìtàn. Robert Vaughn tí ó wà lára àwọn méje ti ọdún 1960 wà lára àwọn ti ọdún 1980 pẹ̀lú. Yul Brynner tí ó ṣe olórí àwọn méje nínú aṣọ dúdú ni ó tún wọ aṣọ dúdú nínú Westworld ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ṣe ènìyàn ni ó dà nínú èyí. Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, nígbà tí Gene Roddenberry ń wá ẹni tí yóò gba Star Trek lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó jáde ní ọdún 1966, ohun tí ó fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ni Wagon Train, eré kan lórí àwọn akérò ìwọ̀-oòrùn.

Ohun tí ó dùn mọ́ bàbá nínú ìtàn àwọn méje ni ìparí rẹ̀. Nínú ti Jàpáàní àti ti Amẹ́ríkà, olórí àwọn jagunjagun wo àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣẹ́gun, pé àwọn jagunjagun kò ní ibì kan. Ọmọ àgbẹ̀ Mọ́níyà kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má mi orí.

Alẹ́ kẹta ni wọ́n wo èyí tí ó jí bàbá lójú oorun. The Searchers ni, John Ford ni ó darí rẹ̀ ní ọdún 1956. Ethan Edwards, tí John Wayne ṣe, padà dé ilé àbúrò rẹ̀. Àwọn Comanche, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, jó ilé náà, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin kékeré lọ. Ethan wá ọmọ náà fún ọdún púpọ̀. Bí ó ti ń wá a, ìkórìíra rẹ̀ ń dàgbà, títí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe láti gbà á sílẹ̀ mọ́ ni ó ń wá a, láti pa á ni, nítorí pé ó ti di ara àwọn Comanche. Nígbà tí ó bá a, ó gbé e sókè, kò pa á. Ó mú un dé ilé. Gbogbo ènìyàn wọlé. Ethan dúró níta, ilẹ̀kùn sì pa dé mọ́ ọn.

Ilé tí ń jó nínú Star Wars jọ ilé tí ń jó nínú The Searchers. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ìbéèrè kẹta, ta ni ó bá níbẹ̀, ẹnu ọmọ náà dákẹ́. Nínú aṣálẹ̀ tí Luke ń gbé, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní ará inú yanrìn. Wọ́n fi aṣọ wé ojú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn, wọ́n máa ń lu ènìyàn lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba burúkú pa àwọn oníṣòwò kan, wọ́n ṣètò ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ kí ènìyàn lè rò pé àwọn ará inú yanrìn ni ó ṣe é. Ẹnikẹ́ni nínú sinimá náà kò béèrè bí àwọn wọ̀nyí ṣe dé ibẹ̀, tàbí bóyá àwọn ni wọ́n ni yanrìn náà kí àgbẹ̀ tó dé.

Ọmọ náà béèrè pé, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn sinimá wọ̀nyí la wà, àwọn wo ni àwa?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Kì í ṣe pé kò ní èsì. Èsì tí ó ní ni ó ń dùn ún. Ìwé kan wà nínú àpótí rẹ̀ tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ìwé náà gbà wáyé nìyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Kì í ṣe àárín ìlú Ìbàdàn ni ó parí sí. Mọ́níyà ni, ní ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n Mọ́níyà kò rí tirẹ̀ bí kò ṣe lẹ́yìn 120 ọdún. Inú gbogbo ènìyàn dùn, inú bàbá olùkọ́ náà sì dùn. Kò pẹ́ tí àwọn alágbàtà ilẹ̀ fi gba inú oko wọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀gẹ́ di ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n ní púlọ́ọ̀tì. Ẹbí bàbá ní ilẹ̀ éékà 8 ní abúlé kan tí ó kọjá Mọ́níyà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á mú owó tí ó jọjú wá. Ìpín bàbá nínú rẹ̀ yóò tó láti rán ọmọ ọmọ náà lọ sí yunifásítì.

Nínú ìwé tí wọ́n mú wá, wọ́n ṣàpèjúwe ilẹ̀ náà pé ilẹ̀ òfìfo ni, igbó lásán, tí ẹnikẹ́ni kò lò. Bàbá ti kà á nígbà àkọ́kọ́, kò sì rí àléébù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ náà ni ó tún un kà. Nínú ilẹ̀ òfìfo yìí ni kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ wà. Nínú rẹ̀ ni igi obì wà, àti ibojì bàbá bàbá rẹ̀ àti ti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì.

Ó sọ fún ọmọ náà ohun tí sinimá kì í sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1862, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ dáko ní ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, yóò gba éékà 160 lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1869, wọ́n so ọ̀nà ojú irin ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn ní Promontory ní ìpínlẹ̀ Utah. Òfin àti irin yìí ni wọ́n bí káúbọ̀ì inú sinimá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n pín kò ṣófo. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń gbé orí rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí àwọn ilẹ̀ tóóró tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ìtàn káúbọ̀ì kò lè dùn bí ilẹ̀ kò bá ṣófo. Nítorí náà, ó sọ onílẹ̀ di ọlọ́ṣà. Nígbà tí ìtàn náà gòkè re ojú sánmà, ó gbé òfìfo yìí dání.

Ojú ọmọ náà pọ́n. "Nígbà náà, àwa ni Comanche, Bàbá. Wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa."

"Rọra, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán."

Ó wá sọ ìtàn tí bàbá rẹ̀ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1862 kan náà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin ilẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, lẹ́yìn ogun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1860. Àwọn ará Ìjàyè túká lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Baba ńlá wọn tẹ̀lé ogun Ìbàdàn. Lẹ́yìn ogun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dáko ní apá ibẹ̀. Nígbà tí bàbá olùkọ́ wà ní kékeré, bí wọ́n bá ń kọ ebè ní igun kan nínú oko náà, ọkọ́ máa ń kan àpáàdì ìkòkò tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò mọ ẹni tí ó mọ ọ́n. Bí ó bá béèrè, wọn á ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́. Wọ́n ń pe igun náà ní Ahoro.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ẹnu àwọn ń fi pamọ́. Bí igbó bá wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá, ẹgàn ni wọ́n ń pè é, ẹgàn pàápàá kò sì ṣàì ní ẹbọra. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbé ibì kan rí tí wọ́n sì ti kúrò, ahoro ni. Ẹni tí ó pe ilẹ̀ ní ahoro ti jẹ́wọ́ pé àwọn kan wà níbẹ̀ ṣáájú òun. "Nítorí náà," ni ó wí, "nínú sinimá tí o ń béèrè yìí, ọwọ́ wa kò mọ́. A ti gun ẹṣin rí. Ilé tiwa ni ó kù tí iná ń bọ̀ wá jó."

Ọmọ náà mú Avatar wá ní alẹ́ ọjọ́ kejì, sinimá tí James Cameron gbé jáde ní ọdún 2009. Ó ní nínú èyí, wọ́n ti yí ìtàn padà. Ilé iṣẹ́ kan láti ayé wa fẹ́ wa kùsà lábẹ́ igi ńlá tí àwọn onílẹ̀ fi ṣe ilé, ọmọ ogun kan láàárín àwọn àlejò sì lọ dara pọ̀ mọ́ onílẹ̀. Bàbá wò ó tán, ó yìn ín. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí onílẹ̀ kò lè gba ara wọn là títí àlejò fi dé. Ọmọ náà ní òun kò ronú dé ibẹ̀.

Nígbà náà ni bàbá dìde, ó lọ mú ìwé ògbólógbòó kan wá láti orí pẹpẹ: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Ó ní kí ọmọ náà bi òun náà ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ta ni ó ń lọ? Àkàrà-ògùn, ọdẹ. Kí ni ó ń wá lọ? Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ẹran ni. Ní ìgbà kẹta, ọba ni ó rán òun àti àwọn ọdẹ mìíràn, Kàkò, Ìmọ̀dòye, Ọlọ́hùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, lọ sí Òkè Lángbòdó láti mú ohun tí yóò tu ìlú lára wá. Ta ni ó bá níbẹ̀? Orúkọ igbó náà ti dáhùn kí ènìyàn tó ṣí ìwé: igbó irúnmalẹ̀ ni. Ó ní àwọn tí wọ́n ni ín. Ọdẹ náà ń bá wọn jà, ó ń pa lára wọn, kì í ṣe ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan sọ pé igbó ṣófo. Ìgbà tí ó bá sì parí iṣẹ́, ilé ni ó ń padà sí.

Ó ṣe ọmọ náà ní kàyéfì nígbà tí bàbá sọ fún un pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, oṣù díẹ̀ kí Star Wars tó jáde, eré Lángbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé Fágúnwà ni Nàìjíríà gbé sórí ìtàgé níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó. Ìrìn àjò méjì ni wọ́n gbé jáde ní ọdún kan náà: ọ̀kan re ojú sánmà, ìkejì re Òkè Lángbòdó. Èyí àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé mọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí, lọ́dọ̀ Mọ́gàjí, bàbá olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ sinimá. Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀dàlẹ̀ láàárín àwọn tí ó jókòó. Ọ̀kan ní owó ilé ìwòsàn láti san, èkejì ní ọmọ mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́. Òun náà ní tirẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n má tà. Ó ní ohun tí òun kò ní fọwọ́ sí ni pé ilẹ̀ náà ṣófo. Kí wọ́n pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ padà, kí wọ́n yọ ibojì, kànga, igi obì àti igun Ahoro kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Ariwo ta. Àwọn kan ní ibojì àtijọ́ kì í jẹun, ènìyàn alààyè ni ó ń jẹun. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ ní ó yé òun bí ó bá jẹ́ ibojì. Kí ni ti àpáàdì àwọn ará Ìjàyè? Bàbá fèsì pé bí àwọn bá pa àpáàdì tiwọn rẹ́ kúrò nínú ìwé, àwọn ti kọ́ ẹni tí ń bọ̀ bí yóò ṣe pa ti àwọn rẹ́. Mọ́gàjí dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní òun náà kan àpáàdì rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí wọ́n sì ní kí òun dákẹ́.

Éékà 6 ni wọ́n tà nígbẹ̀yìn. Olùrà gé owó rẹ̀ sílẹ̀ jìnnà, nítorí pé éékà 2 tí wọ́n yọ ni ó súnmọ́ títì. Àwọn méjì nínú ẹbí kò kí bàbá fún oṣù mẹ́ta. Ìpín rẹ̀ kò tó owó yunifásítì mọ́. Yóò tó ọdún kan, bóyá pẹ̀lú àfikún díẹ̀. Ó sọ èyí fún ọmọ ọmọ rẹ̀ láìfi pamọ́, nítorí pé ọmọ náà ni ìyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Ọmọ náà ní, "Ẹ má dààmú, Bàbá. Mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tuntun náà."

Nígbà tí ìdánwò parí, ọmọ náà fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Èkó. Bàbá sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ kùtù. Bí ọkọ̀ náà ti dúró, ó ṣàdédé rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì béèrè ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà èwe òun, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dé nínú sinimá, ẹni tí yóò gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀ ni òun máa ń wò fún. Ṣùgbọ́n wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀ ní tiwa, ó mú pẹ́ńsù dání. Ọkọ̀ lọ. Bàbá gba ọ̀nà abúlé, ó yà wo àwọn òpó tuntun tí wọ́n fi pààlà sí igun Ahoro, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìdí wọn kí ó le dáadáa, ó sì padà wọlé kí oòrùn tó mú.